Àmín Tó Ń Sáré Ju Àdúrà Lọ

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, mo mọ̀ pé orí fóònù ni Títí máa gbé ọ̀rọ̀ yìí sí fún yín. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ kà á tán kí ìka yín tó kan ohunkóhun. Ọ̀la ni dókítà máa ṣí egbò ẹsẹ̀ Fúnmiláyọ̀, ọmọ mi, tó jẹ́ ìyá fún àwọn kan nínú yín, àǹtí fún àwọn yòókù. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn bá ṣí i ni àwọn tó lè mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ náà á dúró tàbí wọ́n á gé e. Òun wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn l'Óṣogbo, èmi wà nínú ilé mi ní Ìdó-Ọ̀ṣun níbí, mo ń kọ̀wé. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Bẹ́ ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ fojú fò ó.

Ìró kan ló ń dà mí láàmú láti ìrọ̀lẹ́, ìró tín-tín-tín tí fóònù ń ṣe bí ẹ bá ń dáhùn àdúrà. Nígbà tèmi, ìró tí mo mọ̀ mọ́ àdúrà ni ti àdá lára kòkó.

Òkè-Awùsá ni wọ́n ń pe abà wa, lẹ́yìn Iléṣà, níbi tí igbó kòkó àti igbó obì ti pàdé. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀ lónìí, ẹ ò níí bá ẹnì kan. Ògiri ti padà di ebè, àwọn tó mọ ọ́n ti sùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dijú báyìí, mo ń rí wọn níkọ̀ọ̀kan: Bàbá Fáníyì, àgbà ìjọ, tí ohùn rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, Àjàyí tí à ń pè ní Ológìnní nítorí a kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó rẹ̀, Yèyé tó bí mi, àti Bámidélé, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, tí gbogbo abà ń pè ní Délé Ẹlẹ́fẹ̀.

Bí a bá ká kòkó tán, a ó kó o jọ sí òkìtì, a ó jókòó yí i ká. Àwọn ọkùnrin ń fi àdá là á, àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ kó èso inú rẹ̀ sínú agbọ̀n. Ọwọ́ àti àdá sún mọ́ra jù. Bí ènìyàn bá ṣe bí eré gbójú kúrò, ìka á bá kòkó lọ. Àwọn baba wa wá fi àdúrà sí iṣẹ́ náà. Bàbá Fáníyì á gba gbólóhùn kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bu omi sí aláìsàn lẹ́nu: "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa." Gbogbo wa á ní, "Àmín." Orí àmín yẹn ni gbogbo àdá á sọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pàò! Wọ́n á sì dúró. Bí Bàbá Fáníyì bá tún ń gba òmíràn, àdá kankan kò gbọdọ̀ mira. Ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin ń na ọwọ́ wọn. Ṣé ẹ rí i? Etí tí a fi ń gbọ́ àdúrà la fi ń ṣọ́ ìka.

Ó dùn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé iṣẹ́ àwọn àtijọ́ kò ní eré nínú, irọ́ ló ń pa. Eré ìje la fi ń lọ sódò. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ ń fi ìgbálẹ̀ ya òṣùmàrè sí ojúde, ó máa ń ṣe ènìyàn bíi kó má tẹ̀ ẹ́. Nínú àdúrà kòkó pàápàá, ẹ̀rín ń bẹ. Lọ́jọ́ kan, ìjàlọ wọ ṣòkòtò Àjàyí Ológìnní láàárín àdúrà. Ó fò sókè, ó ń ké, "Àmín! Àmín!" kí Bàbá Fáníyì lè yára parí.

Bàbá Fáníyì lajú. "Àjàyí, ẹ̀mí wo ló bà lé ọ?"

Ó ní, "Ẹ̀mí tó ń géni jẹ ni, Bàbá."

Rẹ̀mílẹ́kún rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú sínú agbọ̀n èso kòkó. Nígbà tó dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, oyin ń tẹ̀ lé e kiri. Ẹ̀rín yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí àdá ti dúró kí á tó rẹ́rìn-ín.

Ọdún tí ikọ́ gbé ohùn Bàbá Fáníyì lọ ni nǹkan yí padà. Ó ní kí Délé máa gba àdúrà fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, bó bá bá ẹni tó ń sunkún lọ́nà, á pa á lẹ́rìn-ín tán kó tó béèrè pé kí ló dé. Ó kọ́kọ́ fi àdúrà sáré. Iṣẹ́ yá. Ó tún fi orúkọ àwọn ènìyàn sí i, ó ń bá wọn ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn ará abà kejì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa fọ́ kòkó láìgba owó iṣẹ́, nítorí ẹ̀rín. Nígbà tó yá ó ní ẹni tí àmín rẹ̀ bá kọ́kọ́ jáde ló máa jẹ ẹran tó bá wà nínú ìkòkò. Ha! Ẹ wá wo àmín! Àwọn ọmọ tó máa ń tòògbé nídìí òkìtì, ojú wọn là kedere. Oòrùn kò tíì kan àtàrí, kòkó ti tán nílẹ̀. Bàbá Fáníyì fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni, "Délé, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ o."

Délé ní, "Wọ́n ń gbọ́, Bàbá. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń dáhùn ni?"

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, pàkúté Àjàyí mú ọ̀yà ńlá kan, itan rẹ̀ sì ni ẹran ọjọ́ náà. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo abẹ́ igi. Ẹ̀rín pọ̀ jù lọ́jọ́ náà. Inú igbó kò dún, ẹyẹ kankan kò ké, àwa nìkan là ń pariwo. Délé gbọnra, ó bẹ̀rẹ̀:

"Kòkó wa á so jìngbìnnì!"

"Àmín!"

"Irùngbọ̀n á hù lágbọ̀n Rẹ̀mílẹ́kún!"

"Àmín!" Rẹ̀mílẹ́kún náà wà lára àwọn tó ṣe é. Ó di ọwọ́ mọ́ àgbọ̀n, ó ní, "Délé, orí ẹ ò pé!"

Ara Délé wá yá gágá. Ó fẹ́ mú gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sọ ọ́ kíákíá, pẹ̀lú ohùn tó fi ń súre:

"Kòkó àmọ́dún kò níí bá Délé láyé!"

"Àmín!"

Ohùn tó kọ́kọ́ jáde, tó ròkè ju tiwa lọ, ohùn Yèyé mi ni. Ó ti na ọwọ́ sí ìkòkò ẹran kí àdúrà náà tó parí.

Délé pàtẹ́wọ́, ó ń fò. "Yèyé jẹ ẹ́! Yèyé ló jẹ itan!"

Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá Fáníyì rọra gbé àdá rẹ̀ sílẹ̀. Ó béèrè pẹ̀lú ohùn tó kù nínú ọ̀fun rẹ̀, "Ta ló gbọ́ ohun tí ọmọ yìí wí?" Ó wò wá níkọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ rí ayé. Ẹni tó gbọ́ kò dáhùn, ẹni tó dáhùn kò gbọ́."

Ó ní kí á kúnlẹ̀ sórí èèpo kòkó níbẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó má gba àmín wa. Délé kúnlẹ̀ pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra. Ó ní, "Bàbá, ṣé Ọlọ́run ò mọ àwàdà ni?"

"Ọlọ́run mọ àwàdà," ni Bàbá Fáníyì wí. "Ìwọ ni n kò mọ̀ bóyá o mọ àdúrà."

Kòkó ọdún kejì kò tíì pọ́n tí Délé fi lọ ṣa obì. Paramọ́lẹ̀ wà lábẹ́ ewé. A gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ológeere kan, à ń tì í lọ sí Iléṣà, ó ń bá wa ṣẹ̀fẹ̀ títí a fi dé ibi afárá, lẹ́yìn náà kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. N kò sọ pé àmín ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Ejò ló pa á. Kò sí oko obì tí paramọ́lẹ̀ kò sí, n kò sì gbà pé Ọlọ́run á torí ẹ̀fẹ̀ ọmọdé pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún Yèyé? Láti ọjọ́ náà títí a fi gbé òun náà sin, kò ṣe àmín sí àdúrà kankan mọ́. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, á fi etí ìró rẹ̀ bo ẹnu. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, wọ́n súre fún mi, gbogbo ènìyàn ń dáhùn, Yèyé tẹjú mọ́ ẹnu ẹni tó ń súre bí ẹni ń ka ìwé. Nígbà tó parí, ó ní, "Mo gbọ́." Ohun tó ń wí dípò àmín nìyẹn. Ọmọ tuntun, ilé tuntun, ọdún tuntun: "Mo gbọ́."

Àwọn ará abà kò sì gbàdúrà sórí kòkó mọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Kálukú ń la tirẹ̀ bó ṣe wù ú, àdá ń dún pàò, pàò, pàò, kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí òmíràn ń bọ̀. Inú ọdún yẹn gan-an ni ìka Rẹ̀mílẹ́kún kan bá kòkó lọ. Ìyẹn lohun tí ẹ̀fẹ̀ Délé gbà lọ́wọ́ wa, yàtọ̀ sí Délé fúnra rẹ̀.

Ìyá yín àgbà, Sàlámátù mi, kò fẹ́ràn kí n máa sọ ìtàn yìí. Ọmọ oníṣòwò aṣọ ni, ní ẹ̀bá Ọjà Ọba l'Óṣogbo. Òun ń kírun, èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ wa mú èyí tó wù wọ́n, ilé wa kò sì dàrú. Ó máa ń ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ má jẹ́ kí ejò kan ba orin jẹ́ mọ́ ọmọdé lẹ́nu." Orin ni wọ́n fi kọ́ òun náà ní ilé kéú. Gbogbo wọn á máa mì síwá sẹ́yìn, wọ́n á máa kọ álífù, báá, ó dùn débi pé ẹni tó ń kọjá á dúró. Ṣùgbọ́n ó ní àfáà wọn lọ́gbọ́n kan. Bó bá rí i pé orin ń lọ, tí ojú kò sí lára wàláà, pátákó ìkọ̀wé wọn, mọ́, á rọra yí wàláà náà sódì, á nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn tí wọn kò tíì kọ́, á ní, "Ó yá, ẹ máa kà á lọ." Àwọn kan á máa kọrin ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìtìjú wọn kì í tán lọ́jọ́ náà.

Ìyá yín àgbà kú ṣáájú iléyá tó kọjá. Lẹ́yìn fìdáù, gbogbo yín túká, ilé yìí pa lọ́lọ́. Mo máa ń bu oúnjẹ sí abọ́, n ó wá rántí pé kò sí ẹni tí mo fẹ́ bá jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn ni Títí, ọmọ Fúnmiláyọ̀, ní òun á dá àdúrà ẹbí sílẹ̀ lórí fóònù, kí á lè máa ríra. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó gbàdúrà, ẹni tó dáhùn kò ju èmi àti ìyá rẹ̀ lọ. Dámilọ́lá, àbúrò rẹ̀ tó ń kàwé ní Ìkejì-Arákejì, ó ṣáà ń sùn. Títí wá sọ ọ́ di eré. Ó ń kọ àdúrà sí ojú fóònù; ẹni tí àmín rẹ̀ bá kọ́kọ́ wọlé á gba ìràwọ̀; ẹni tí ìràwọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù, Títí á fi dátà ránṣẹ́ sí i.

N kò níí purọ́ fún yín, mo gbádùn rẹ̀. Dámilọ́lá tó máa ń sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí a bá fẹ́ gbàdúrà àárọ̀, òun ló wá ń ṣíwájú. Mo gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu Títí lójoojúmọ́, ó sì dà bí ẹni pé ilé kún. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe ohun gbogbo báyìí. Mo rí ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń fọ eyín, fóònù ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dára. Eyín mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí iná kò sí tí fóònù kú, mo ní kó fọ eyín rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Bàbá àgbà, ta ló máa pàtẹ́wọ́?" Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ọwọ́ mi ń dùn mí, mo ṣáà ń pa á.

Nígbà tó yá ni bàtà fá Fúnmiláyọ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Egbò kékeré náà kọ̀, kò jiná, ó ń jẹ wọnú. Lọ́jọ́ tí dókítà bá wọn sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, Títí dúró ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó fi omijé kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo yín, níbi tó ti máa ń kọ àdúrà sí: "Dókítà ní wọ́n lè gé ẹsẹ̀ Mọ́mì."

Tín. Dámilọ́lá: "Àmín!" Tín-tín-tín. Àmín, àmín, àmín. Ọ̀kan nínú yín tó wà l'Ékòó fi àwòrán iná àti ọwọ́ ìpàtẹ́wọ́ sí tirẹ̀.

Fóònù Fúnmiláyọ̀ wà lórí àyà rẹ̀. Ó rí gbogbo rẹ̀.

Dámilọ́lá wọ mọ́tò wá lọ́jọ́ kejì. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì yìí, kò lè gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá àgbà, mi ò kà á ni. Mo rò pé àdúrà ni. Àtàǹpàkò mi ló ṣe é."

Mo ní, "Àtàǹpàkò rẹ ló ṣe àmín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Níbo ni ìwọ wà?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọmọ náà fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Kò sí ohun tó lè mú mi sọ pé kò fẹ́ràn rẹ̀.

Mo lọ bá Fúnmiláyọ̀, mo ní mo fẹ́ kí Títí pa eré náà rẹ́. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣeré wọn. Kí eré yìí tó dé, ìgbà wo ni Dámilọ́lá ń rántí mi? Ìgbà tí gààrí ẹ̀ bá tán ni."

"Fúnmi, wọ́n ṣe àmín sí i pé kí wọ́n gé ọ lẹ́sẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ jọ ti Délé, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Bí wọ́n bá gé e, ṣebí bàtà ẹyọ kan ni n ó máa rà. N ó ní kí wọ́n dín in kù fún mi." Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ rọ̀. "Bàbá, láàárín òru tí ẹsẹ̀ yìí bá ń ta mí, ìró yẹn ni mo ń retí. Tín. N ó mọ̀ pé ẹnì kan jí. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbàdúrà ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ẹ gbà á bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gbọ́ yín."

Kí ni n ó wí? Ọmọ mi ló ni ẹsẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ òní ni. Títí gbé fóònù ka iwájú mi, ó ní gbogbo yín ń gbọ́ ohùn mi, àti pé ìyá òun náà ń gbọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀. Mo ní, "Àdúrà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹ gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ tó dáhùn." Gbogbo yín ní, "Ó dáa, Bàbá àgbà." Dámilọ́lá náà sọ ọ́, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó tilẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ṣí fìlà lórí. Mo dijú. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà láti àárọ̀, mo fẹ́ bẹ Ọlọ́run pé kó bá wa dá a sí, kí ọmọ mi fi rìn dé ilé.

Mo ní, "Olúwa, ẹsẹ̀ Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi…"

Èémí mi gé. Àgbàlagbà ni mí. Mo dúró díẹ̀ kí n lè rí èémí mú. Kò ju kí ènìyàn gbé itọ́ mì lọ.

Tín. Tín-tín. Tín-tín-tín-tín.

Mo lajú. Ojú fóònù kún fún àmín. Títí ti gbàgbé ara rẹ̀, ó ti na ìka sí èyí tó wà lókè pátápátá, ó ní, "Dámilọ́lá ló tún ṣíwájú." Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohun tó sọ, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ń gbọ́ bí Fúnmiláyọ̀ ṣe ń mí lórí bẹ́ẹ̀dì l'Óṣogbo.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti ṣe àmín sí ẹsẹ̀ ìyá yín, n kò sì tíì sọ ohun tí mo fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe sí i.